Bọ́ọ̀lù Tó Bọ́ Sílẹ̀, Ta Ló Ni Ín?

Ẹ jẹ́ ká wo páàsì méjì nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Quarterback, ẹni tó ń darí ìkọlù, dúró lẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó yíjú sí etí pápá, ó sì ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á fi ìdajì yáàdì sún mọ́ ilé alátakò ju ibi tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú. Nígbà kejì, ó fi ìdajì yáàdì jìnnà sí i. Ojú òǹwòran kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì. Ká ní bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ nígbà méjèèjì. Ní ti àkọ́kọ́, rẹfirí á fọn fèrè, oníkálukú á padà sí àyè rẹ̀, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ní ti èkejì, fèrè kankan kò ní í dún. Bọ́ọ̀lù wà láàyè lórí ilẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dà lé e ló ni ín, alátakò sì lè gbé e sáré títí dé ilé. Wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó pàdánù ohun tó ṣì lè rí padà pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Páàsì àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú èkejì, agbè pàápàá ti fọ́.

Fún ẹni tí eré náà ṣàjèjì sí, agbábọ́ọ̀lù 11 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, lórí pápá tó gùn ní yáàdì 100 láti ilé dé ilé, tó sì fẹ̀ ní yáàdì 53 àti díẹ̀. Ikọ̀ tó ní bọ́ọ̀lù ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi lọ síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Nínú ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, páàsì iwájú ẹyọ kan ṣoṣo ni òfin fún wọn, ẹni tó máa jù ú sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìlà ìdojúkọ, ìyẹn ìlà tí ikọ̀ méjèèjì ti kọjú síra kí ìgbìyànjú náà tó bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló láṣẹ láti gbà á. Àwọn géńdé tó ń ṣọ́ quarterback kò sí lára àwọn tó lè gbà á. Ṣùgbọ́n páàsì ẹ̀gbẹ́, irú páàsì kejì yẹn, kò ní iye. Ìwé òfin kì í tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀: iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀, èyí tó bá sì lọ gbọnrangandan sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn ló kà á mọ́. Ẹnikẹ́ni lè jù ú, ẹnikẹ́ni lè gbà á, níbikíbi lórí pápá, ìgbà mẹ́wàá nínú ìgbìyànjú kan bó bá wù wọ́n. Òfin háwọ́ lórí ọ̀kan, ó la ọwọ́ lórí èkejì. Síbẹ̀, èyí tí òfin háwọ́ lórí rẹ̀ ni àwọn ikọ̀ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Èyí tó fún wọn láìdíwọ̀n, wọ́n fi pa mọ́ de ọjọ́ ìpọ́njú. Kí ló fà á?

Èsì tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé iwájú là ń lọ, kí la fẹ́ fi ẹ̀yìn ṣe? Èsì yìí kò tó. Yáàdì kan tàbí méjì tí páàsì ẹ̀gbẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ikọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yáàdì 20 tí ẹni tó gbà á lè rí bí ọ̀nà bá là níwájú rẹ̀. Quarterback fúnra rẹ̀ máa ń fi ẹ̀yìn rìn tó yáàdì 5 sí 7 kó tó ju páàsì iwájú, kò sì sẹ́ni tó ń ka ìyẹn sí àdánù. Èrò tèmi ni pé ìhà tí bọ́ọ̀lù kọjú sí kọ́ ló ń pinnu èyí tí àwọn ikọ̀ ń yàn. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni ẹni tó máa san gbèsè nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́. Ibi tí gbèsè bá ti wọ́n, páàsì á ṣọ̀wọ́n, ìbáà ṣe ti iwájú. Ibi tí gbèsè bá ti pòórá, páàsì á pọ̀ bí eṣú, ìbáà ṣe ti ẹ̀yìn. Ìtàn eré náà gbè mí lẹ́yìn lórí èyí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí eré yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà kúrò lára rugby ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, páàsì ẹ̀yìn nìkan ló bófin mu. Walter Camp ti Yale ló ṣíwájú àwọn tó tún òfin náà ṣe. Ní 1880 wọ́n dá ìlà ìdojúkọ sílẹ̀, kí ikọ̀ kan lè di bọ́ọ̀lù mú láìsí ìjàdù bíi ti rugby. Ní 1882 wọ́n ní kí ikọ̀ náà lọ síwájú ní yáàdì 5 nínú ìgbìyànjú mẹ́ta, tàbí kó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù ti di ohun ìní tí ènìyàn ń ṣọ́ bí owó ilé. Ẹni tó mọ̀ pé yáàdì 5 péré lòun ń wá kò ní í fi bọ́ọ̀lù wewu lójú afẹ́fẹ́. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1890, ńṣe ni wọ́n ń so ara wọn pọ̀ bí ọmọ ogun, tí wọ́n ń ya lu àárín alátakò, tí egungun ń ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni pé páàsì ẹ̀yìn, tó jẹ́ ẹ̀mí rugby, ti ń rọ nínú eré tuntun yìí kí páàsì iwájú tó di ohun tí òfin gbà láàyè. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé páàsì iwájú ló gba ipò rẹ̀. Àìsàn ti mú un tipẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn yìí tó dé.

Ìpakúpa ló mú páàsì iwájú wọlé. Ní àsìkò 1905, ìwé ìròyìn Chicago Tribune ka ikú bíi 18 sí eré náà lọ́rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba, ó ní kí wọ́n tún eré wọn ṣe. Nígbà tí 1906 fi dé, wọ́n sọ yáàdì 5 di 10, wọ́n sì gba páàsì iwájú láàyè kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè fọ́n káàkiri pápá dípò kí wọ́n máa rọ́ lu ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àyè tí wọ́n fún un. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀ láìkan ẹnikẹ́ni, ó di ti alátakò. Ẹni tó ń jù ú kò gbọ́dọ̀ jù ú gba àárín. Ó gbọ́dọ̀ yà sápá kan ní yáàdì 5 ó kéré tán. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án 1906, ní Waukesha ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Bradbury Robinson ti Saint Louis University ju páàsì iwájú àkọ́kọ́ tó bófin mu, nínú ìdíje pẹ̀lú Carroll College. Ó bọ́ sílẹ̀, Carroll sì gba bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá ni ó tún ju òmíràn, Jack Schneider gbà á, ó sì di touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ ilé alátakò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Eddie Cochems, gbà gbọ́ nínú ohun tuntun náà tọkàntọkàn, ikọ̀ rẹ̀ kò sì fìdí rẹmi rárá lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá ìlà-oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Páàsì iwájú wà nínú ìwé òfin, ó ń ṣe ohun tí Cochems sọ pé ó lè ṣe, wọ́n sì ń yẹra fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yẹra fún páàsì ẹ̀gbẹ́ lónìí, nítorí ìdí kan náà.

Ohun tó tẹ̀lé e ló dá mi lójú jù nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo ní. Díẹ̀díẹ̀, láàárín bí ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó ń ṣòfin ń bọ́ ẹrù kúrò lórí páàsì iwájú. Ní 1910 wọ́n ṣì ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá yáàdì 20. Ní 1912 wọ́n fagi lé ìyẹn, wọ́n fi ìgbìyànjú kẹrin kún mẹ́ta, wọ́n sì dá àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà ilé tí ènìyàn ti lè gba bọ́ọ̀lù. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1913, Notre Dame lọ sí West Point, Gus Dorais ń ju bọ́ọ̀lù, Knute Rockne ń gbà á, wọ́n sì fi 35 sí 13 na Army, ikọ̀ West Point, tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò borí. Ní 1933 àwọn tó ń gbá a fún owó gbà kí ènìyàn jù ú láti ibikíbi lẹ́yìn ìlà ìdojúkọ. Tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi yáàdì 5 jìnnà sẹ́yìn. Lónìí, páàsì iwájú tó bọ́ sílẹ̀ ti di irinṣẹ́ pàápàá. Quarterback máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí aago lè dúró. Bí wọ́n bá lé e jáde kúrò láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó lè sọ bọ́ọ̀lù nù kọjá ìlà ìdojúkọ kó má bàa ṣubú sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ènìyàn ní 1906 ti di ohun tó ń gbà á sílẹ̀. Ẹrù fúyẹ́, páàsì iwájú sì di ọba. Kò sẹ́ni tó bọ́ ẹrù kankan kúrò lórí páàsì ẹ̀gbẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló yí padà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ sanra bíi ti rugby, ó ṣòro láti fi ọwọ́ kan dì mú. Wọ́n dín in kù ní 1912, wọ́n sì tún sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní àwọn ọdún 1930, ìyẹn ló jẹ́ kó lè máa yí bí ọfà lójú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tẹ́ẹ́rẹ́ kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Apá tó lè fi jù ú jìnnà síwájú lè fi jù ú la pápá kọjá sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló fà á, páàsì méjèèjì ì bá ti jọ pọ̀ sí i.

Ìdíwọ́ mìíràn wà lára páàsì ẹ̀gbẹ́ tí ojú kì í tètè rí. Ẹni tó ń sá yáàdì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá ju bọ́ọ̀lù gbọnrangandan sí ọ̀tún rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á bá eré rẹ̀ lọ. Bó bá lo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú afẹ́fẹ́, yóò ti lọ síwájú ní yáàdì 4 kó tó dọ́wọ́ ẹnìkejì. Lójú ẹni tó jù ú, ẹ̀gbẹ́ ló jù ú sí. Lójú koríko, iwájú ló lọ. Rẹfirí rugby máa ń wo ọwọ́: bí ọwọ́ bá ti tì í sẹ́yìn, ó tó. Òfin Amẹ́ríkà, koríko ló ń wò: ibi tó ti kúrò lọ́wọ́ àti ibi tó ti kọ́kọ́ kan nǹkan. Nítorí náà, ẹni tó ń sáré tete gbọ́dọ̀ fi agbára ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ara rẹ̀ kó tó lè bófin mu, ẹni tó máa gbà á sì gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ yáàdì wà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní 2000, ní Nashville, Buffalo Bills fi 16 sí 15 ṣíwájú Tennessee Titans, ìṣẹ́jú àáyá 16 ló kù. Lorenzo Neal ti Titans gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí wọn, ó fà á lé Frank Wycheck lọ́wọ́, Wycheck dúró, ó jù ú la pápá kọjá sí Kevin Dyson, Dyson sì sáré yáàdì 75 dé ilé. Gbogbo ìjà tó tẹ̀lé e, títí di òní ní Buffalo, dá lórí bóyá bọ́ọ̀lù náà fi ìwọ̀nba díẹ̀ lọ síwájú lórí koríko. Rẹfirí wo fídíò, ó ní touchdown ni. Wycheck kò sáré nígbà tó jù ú. Bó bá ń sáré ni, n kò rò pé bọ́ọ̀lù yẹn ì bá bófin mu.

Ẹni tó mọ rugby á bi mí pé, bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù bọ́ọ̀lù tó bọ́ ló ń pa páàsì ẹ̀gbẹ́, kí ló dé tí kò pa á ní rugby, níbi tí bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀ ti jẹ́ ti ẹni tó bá gbé e? Àtakò tó lágbára jù lọ nìyí, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ewu páàsì nìkan ni agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀n. Ó ń wọ̀n ọ́n mọ́ ewu tó wà nínú dídì í mú. Ní rugby, ẹni tí wọ́n bá gbé lulẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, ìjàdù á sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dídì í mú kò fún un ní ààbò, nítorí náà fífi í ránṣẹ́ kò fi ewu tó pọ̀ kún ewu tó ti wà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fọwọ́ wé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, tí wọ́n gbé e lulẹ̀, ti bọ́: eré dúró, bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ tiwọn. Ààbò pípé ló ní lọ́wọ́. Páàsì ẹ̀gbẹ́ ní kó fi ààbò yẹn wewu. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú ìdíje àwọn tó ń gbá a fún owó, bí ìgbà 11 tàbí 12 péré ni ikọ̀ kan ń ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyọ kan tó sọnù nínú 12 kì í ṣe kékeré. Pápá rugby tún fẹ̀ tó mítà 70, ti Amẹ́ríkà kò dé mítà 50, àwọn tó ń lé ènìyàn sì ń gba iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wá. Ṣùgbọ́n mo fi fífẹ̀ pápá sẹ́yìn nínú àlàyé mi. Ká ní pápá Amẹ́ríkà fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, níwọ̀n ìgbà tí fèrè bá ṣì ń gba ẹni tó ṣubú sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á ṣì di bọ́ọ̀lù mọ́ra.

Bí àlàyé yìí bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ ká rí i pé nígbà tí dídi bọ́ọ̀lù mú kò bá níye lórí mọ́, páàsì ẹ̀gbẹ́ á jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Aago ti tán, ikọ̀ kan ń pàdánù. Ẹni tó ṣubú pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ti pàdánù ìdíje náà, ẹni tó jù ú tó bọ́ sílẹ̀ pàdánù ohun kan náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá 1982, ní Berkeley, Stanford fi 20 sí 19 ṣíwájú California, ìṣẹ́jú àáyá 4 ló kù. California gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí wọn, wọ́n ju páàsì ẹ̀gbẹ́ márùn-ún, Kevin Moen sì gbé e wọ ilé láàárín àwọn onífèrè Stanford tó ti ya wọ pápá torí wọ́n rò pé eré ti tán. Ó parí sí 25 sí 20. Ní 2007, Trinity University ti Texas ju páàsì ẹ̀gbẹ́ 15 nínú ìgbìyànjú kan ṣoṣo láti fi 28 sí 24 na Millsaps. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá 2018, Miami Dolphins gba yáàdì 69 lọ́wọ́ New England Patriots: páàsì iwájú kan sí Kenny Stills, ti ẹ̀gbẹ́ sí DeVante Parker, òmíràn sí Kenyan Drake, 34 sí 33. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò lo irú páàsì bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ wá ń jù ú léraléra. Ọgbọ́n wọn kò yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Gbèsè ló tán.

Àwọn ọjọ́ ìyanu yìí ni àwọn kan ń fi sọ pé páàsì ẹ̀gbẹ́ ń ṣiṣẹ́, kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ kó pọ̀ sí i. Mo kọ̀ láti bá wọn lọ lórí ẹ̀rí yìí. Àwọn tó yọrí nìkan ni a sọ lórúkọ. Àwọn tó parí sí kí bọ́ọ̀lù ta lu ẹsẹ̀ ènìyàn kó sì yí lọ kò ní orúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń rántí wọn. Nínú àwọn tó yọrí pàápàá, iyèméjì wà: nígbà tí University of Miami fi páàsì ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ na Duke ní 30 sí 27 ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kẹwàá 2015, àjọ tó ń bójú tó ìdíje náà jẹ́wọ́ pé àwọn rẹfirí ṣàṣìṣe, wọ́n sì dá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá 2022 ló sì yẹ kó kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ jù. Patriots àti Raiders wà ní 24 sí 24, ìgbìyànjú tó kẹ́yìn nìyẹn, bí Rhamondre Stevenson ti Patriots bá ṣubú, àfikún àkókò ló kàn. Stevenson ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ fún Jakobi Meyers, Meyers sì tún jù ú sẹ́yìn jìnnà. Chandler Jones ti Raiders gbà á lójú afẹ́fẹ́, ó sáré yáàdì 48, 30 sí 24. Ohun tí Miami Dolphins ṣe ní 2018 gan-an ni wọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àmì ayò dọ́gba, dídi bọ́ọ̀lù mú ṣì níye lórí gidigidi, gbèsè sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa san án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé páàsì ẹ̀gbẹ́ kò ní ilé. Ó ní, ilé náà sì lọ́lá. Ní 1941, Don Faurot ní Missouri gbé ètò kan kalẹ̀ tó mú lára bọ́ọ̀lù agbọ̀n, níbi tí ènìyàn méjì ti ń dojú kọ ẹyọ kan. Quarterback á di bọ́ọ̀lù mú, á máa sáré lọ sí etí pápá lẹ́yìn ìlà, ẹnìkejì rẹ̀ á máa bá a sáré ní yáàdì díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi alátakò kan sílẹ̀ láìdí i lọ́nà. Bí alátakò náà bá kọjú sí quarterback, ó ta bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì. Bó bá kọjú sí ẹnìkejì, quarterback gbé e lọ. Láti inú èyí ni ètò tí Emory Bellard kọ́ Texas ní 1968 ti jáde lábẹ́ Darrell Royal, èyí tí wọ́n fi borí nínú ìdíje 30 léra wọn; Nebraska ti Tom Osborne fi irú rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994, 1995 àti 1997; Army àti Navy kò sì jẹ́ kó parun. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dín gbèsè kù níbẹ̀: páàsì náà kúrú, ẹ̀yìn ìlà ló ti ń ṣẹlẹ̀ kí àwọn alátakò tó rọ́ dé, ọwọ́ kan náà ló sì ń ta á fún ọwọ́ kan náà lójoojúmọ́. Àwọn tó ń gbá a fún owó kò fẹ́ ẹ torí pé quarterback wọn ni owó wọn, ètò yìí sì ń jẹ́ kí wọ́n máa gbá a lulẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbé e gbà. Níwọ̀n bí òfin ti fún wọn ní páàsì iwájú kan, wọ́n ń fi ti ẹ̀gbẹ́ yan ẹlòmíràn tó máa jù ú: ní oṣù kìíní 2015, Tom Brady, quarterback Patriots, ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn sí Julian Edelman, àwọn Ravens tó ń bá wọn díje sáré lọ bá a, Edelman sì jù ú síwájú ní yáàdì 51 fún touchdown.

Ṣé kí òfin wá bọ́ ẹrù kúrò lórí páàsì ẹ̀gbẹ́ náà, kí èyí tó bọ́ sílẹ̀ di òkú bíi ti iwájú? Ó dà bí ẹni pé ìdúró mi béèrè fún un. N kò fọwọ́ sí i. Páàsì iwájú tó bọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹyọ kan ni, ẹ̀yìn ìlà ni, àwọn díẹ̀ ló lè gbà á. Bí páàsì ẹ̀gbẹ́ tí kò níye bá tún bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ á kàn ta á sẹ́yìn nù, eré á dúró, kò sì ní í sí bọ́ọ̀lù tó já bọ́ mọ́ láyé. Rẹfirí á máa wá inú ọkàn ènìyàn, bóyá ó jù ú ni tàbí ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti tọ́ irú rẹ̀ wò ní oṣù kẹsàn-án 1978 ní San Diego, nígbà tí Ken Stabler ti Raiders jẹ́ kí bọ́ọ̀lù "já bọ́" síwájú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbá a lọ títí Dave Casper fi dà lé e nínú ilé, 21 sí 20. Kíá ni wọ́n yí òfin padà pé nínú ìgbìyànjú kẹrin tàbí ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn, nínú ikọ̀ ẹni tó já a bọ́, òun nìkan ló lè gbé e lọ síwájú. Gbèsè tó wà lórí bọ́ọ̀lù tó bọ́ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ tó dì í mú dáadáa níyì.

Ibi tí mo ti gbà pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ṣojo kò ju ẹyọ kan lọ, òun sì ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ètò kan wà tí ẹni kan ti ń sáré síwájú díẹ̀, á yí padà kọjú sí quarterback, á gba páàsì iwájú ní ìdúró, á sì ta á lójú ẹsẹ̀ sí ẹnìkejì tó ń bọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1982, Don Strock ti Dolphins jù ú sí Duriel Harris, Harris ta á sí Tony Nathan, ó sì wọlé ní kété tí ìdajì àkọ́kọ́ fẹ́ parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé San Diego, alátakò wọn, ló padà borí ní 41 sí 38. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2007, Boise State fi irú rẹ̀ gba yáàdì 50 lọ́wọ́ Oklahoma nínú ìgbìyànjú kẹrin tó ku yáàdì 18, wọ́n sì padà borí ní 43 sí 42. Ìdíwọ́ koríko tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò sí níbẹ̀, torí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù dúró ni, kò sáré. Ẹni tó ń gbà á ń bọ̀ tete, ó mọ̀ pé ó ń bọ̀, bọ́ọ̀lù kò sì rìn ju yáàdì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, ìgbà méjèèjì, wọ́n dúró di ìgbà tí kò sí nǹkan tí wọ́n lè pàdánù mọ́. Wọ́n á ní bí a bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, alátakò á ti máa dè é. Kó dè é. Ẹni tó ń ṣọ́ Harris, bó bá gbọ́dọ̀ fi ojú kan ṣọ́ Nathan tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò ní í lè ya lù ú bó ti ń ya lù ú tẹ́lẹ̀. Á dá ẹsẹ̀ kan dúró, Harris á sì ti gba bọ́ọ̀lù, á yí padà, á sì ti sáré yáàdì mẹ́ta kí ẹsẹ̀ yẹn tó balẹ̀.